Ẹ́ńjìnnì Tí Kò Gbọ́ Ti Kọ́kọ́rọ́

"Agolo mílíìkì kan," Bísíríyù wí, ó sì na ìka kan sókè kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ọ ní méjì. "Agolo mílíìkì kan bẹntiróò ni mo bù sínú ọkọ̀ yìí, ní Baga Road ní Maiduguri níbí, mo sì wà á dé Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí mo débẹ̀ tí mo ṣí táǹkì wò, epo ti lé sí i. Mo ní láti bù fún àwọn àna mi kó má baà kún jáde."

Àwọn tó ń to ẹja gbígbẹ sínú páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ìbídùnní, tó ń din àkàrà tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní kósé lábẹ́ igi dóńgóyárò, yí tirẹ̀ lójú epo kó tó dáhùn.

"Agolo yẹn ńkọ́?" ó bi í. "Òun náà ò bímọ?"

"Ìyá Tómi, ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Orí ẹ́ńjìnnì yìí ni alángbá kan yé ẹyin sí ní Pòtískúm. Kí n tó dé Jos, ẹyin ti pa. Kí n tó dé Ìlọrin, àwọn ọmọ alángbá ti ń wá ìyàwó. Nítorí kí ni? Nítorí pé kì í gbọ̀n. Jẹ́jẹ́ ló máa ń lọ bí ẹni tó gbààwẹ̀. Àwọn sójà gan-an mọ̀ ọ́n. Tí mo bá dé ojú ọ̀nà wọn, wọn kì í dá mi dúró, ẹ́ńjìnnì ni wọ́n máa ń sálúùtù fún."

Gbólóhùn ìgbẹ̀yìn yìí ni ì bá gbé mì. Ṣùgbọ́n ẹnu Bísíríyù dà bí ilẹ̀kùn tí kò ní ìkọ́. Afẹ́fẹ́ tó bá ti fẹ́, ó ṣí nìyẹn.

Ọkọ̀ tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ Píjó 504 kan tó ti funfun rí. Ayé ìgbà tí wọ́n ṣe é, ọkọ̀ kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kọ̀ǹpútà. Sílíńdà mẹ́rin ló ní, pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rin, àti kábúrétọ̀ kan tó jókòó sókè bí ìyálé nínú ilé ìdáná. Kábúrétọ̀ yìí ló ń se oúnjẹ ẹ́ńjìnnì: á fa afẹ́fẹ́ lápá kan, á fa bẹntiróò lápá kejì, á pò wọ́n pọ̀, á fi ránṣẹ́ sísàlẹ̀. Inú rẹ̀ ni jẹ́ẹ̀tì wà, idẹ kékeré kan tí ihò rẹ̀ kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, ibẹ̀ ni epo sì ń gbà kọjá. Ẹni tó bá ń fọ ihò yẹn, tó ń pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì kó tó di dúdú, tó ń jẹ́ kí ọlọ́wọ́ iṣẹ́ bá a wọn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń mí nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, irú Píjó bẹ́ẹ̀ á gbé ìyàwó rẹ̀ wálé, á sì gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ sílé ọkọ.

Bísíríyù kò ṣe ọ̀kan nínú rẹ̀. Bẹntiróò ti di ohun àwátì lọ́dún náà. Ìlà ilé epo gùn débi pé àpọ́n ló ń bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ló sì ń ra epo náà nígbà tó bá kàn án. Ni Bísíríyù bá fa okùn bàbà kan yọ lára wáyà, ó kì í bọ ihò jẹ́ẹ̀tì kí epo má baà ráyè kọjá. Ebi ń pa ẹ́ńjìnnì, ó ń fẹ́ kú. Bísíríyù tún fi rọ́bà de irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fún un lóúnjẹ, kó lè máa sáré kódà nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Nígbà tí èyí náà kò tó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da kẹrosíìnì mọ́ bẹntiróò.

Kẹrosíìnì yìí gan-an, kì í rà á. Agboolé kan náà ni òun àti Ìbídùnní ń gbé ní Wulari. Kẹ́ẹ̀gì Ìbídùnní máa ń wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Bí obìnrin náà bá ti lọ fọ ẹ̀wà lẹ́bàá ẹ̀rọ omi ní ìdájí, Bísíríyù á yọ́ lọ pẹ̀lú ìgò rẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn tó ń lọ ṣẹ́gi nínú igbó kò ti padà wálé mọ́, orí sítóòfù ni gbogbo agboolé ń dáná, kẹrosíìnì sì ti wọ́n bí ojú. Ìbídùnní mọ̀ pé ẹnì kan ń bù ú. Ó ti ń kiri láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, ó ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gbóòórùn sítóòfù àwọn èèyàn, kò sì sọ ohun tó ń wá. Bísíríyù ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di àwàdà. Ó ní Ìyá Tómi ti di ajá ọlọ́pàá. Ọkàn tirẹ̀ balẹ̀, nítorí kò ní sítóòfù.

"Bísíríyù." Ṣéhù mẹkáníìkì ló pè é. Ọmọ Kanuri ni Ṣéhù, ṣùgbọ́n Ìlọrin ló ti kọ́ṣẹ́, ó sì gbọ́ Yorùbá débi pé ó lè fi ṣépè. "Pa ọkọ̀ yẹn, kí n wò ó."

Bísíríyù yọ kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì ń bá tirẹ̀ lọ. Dùgù-dùgù-gbà. Dùgù-dùgù-gbà. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú.

"Mo ní kí o pa á."

"Mo ti pa á."

"Kò tíì kú."

"Ó ń dágbére ni," Bísíríyù wí. Ó yára wọlé, ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ó ki jíà kẹrin bọ̀ ọ́, ó sì jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì lójijì. Ọkọ̀ ta gìrì, ó dákẹ́. Ọgbọ́n tó ń dá nìyẹn níbikíbi tó bá dúró. Tí ẹnikẹ́ni bá béèrè ìdí tí ọkọ̀ fi fò, á ní ó ń kí wọn ni.

Ṣéhù kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ lé etí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yára gbé e kúrò.

"Inú sílíńdà ti pọ́n bí ẹyin iná. Kò nílò pọ́lọ́ọ̀gì mọ́. Iná tó wà nínú lọ́hùn-ún ló ń tan epo fúnra rẹ̀. O lè ju kọ́kọ́rọ́ sínú odò Ngadda, á ṣì máa lọ. Kí lò ń dà sí i?"

"Bẹntiróò ni. Kí ni mo tún lè dà sí i, wàrà?"

"Wallahi, má gbé e dé iwájú sójà. Sójà ò mọ kábúrétọ̀. Ohun tí sójà mọ̀ kò ju pé òun ní kí ọkọ̀ dákẹ́, ọkọ̀ ò sì dákẹ́."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Bísíríyù lára ju bó ṣe fi hàn lọ. Ìbẹ̀rù ti di ará ìlú ní Maiduguri lọ́dún náà, ó kàn kù kó máa san owó ilé ni. Ilẹ̀kùn kì í gbá kí àdúgbò má dọ̀bálẹ̀. Táyà bẹ́ lọ́jọ́ kan ní Wulari, ìyàwó àti ọkọ pàdé lábẹ́ ibùsùn, wọ́n bá onílé níbẹ̀, onílé ní kí wọ́n lọ wá ti wọn. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń sọ ọ́ lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín ṣì máa ń wo ẹ̀yìn. Ojú ọ̀nà àwọn sójà ló burú jù. Bí ọkọ̀ bá dé ibi tí wọ́n fi àgbá àti àpò iyanrìn dí, awakọ̀ á pa ẹ́ńjìnnì, á yọ kọ́kọ́rọ́, á nà án síta lójú fèrèsé kí gbogbo ìbọn lè rí i. Èrò á sọ̀kalẹ̀. Ọkùnrin á ká ẹ̀wù sókè títí dé àyà, kí wọ́n rí i pé kò de nǹkankan mọ́ ikùn. Nítorí àwọn tó de nǹkan mọ́ ikùn ti wá rí, àwọn tó fi gbogbo ọkọ̀ ṣe bọ́ǹbù náà ti wá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí tí ilẹ̀ fi mì.

Kò mì púpọ̀. Epo inú agbada Ìbídùnní kàn ṣẹ́ wẹ́wẹ́ bí omi tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí. Lẹ́yìn náà ni ìró rẹ̀ dé, láti ọ̀nà jíjìn, ó wúwo, ó sì kúrú. Ẹni tó ń to ẹja gbé ẹja kan dání, kò mọ ibi tí yóò fi í sí. Ẹnì kan nawọ́ sí apá gúúsù níbi tí èéfín ti ń gòkè, ó ní, "Fori."

Ìbídùnní pa sítóòfù. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Mọ́tọ́lá, ní Fori ló ń gbé, òun nìkan nínú yàrá kan. Wọ́n ti pa nẹ́tíwọ̀ọ̀kì gbogbo ìpínlẹ̀ láti ìgbà tí ìjọba ti kéde òfin pàjáwìrì, kò sí bí èèyàn ṣe lè pe ẹnikẹ́ni. Ó lọ bá awakọ̀ kìíní, awakọ̀ kìíní ní táyà òun jò. Ó lọ bá ìkejì, ìyẹn ní ìyá òun kò gbà. Ìkẹta ti wọ abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó ní òun ń tún nǹkan ṣe. Ni Ìbídùnní bá yíjú padà, ó wo Bísíríyù.

"Ìwọ ni sójà ń sálúùtù fún," ó wí.

"Ìyá Tómi, ẹ gbọ́ ná."

"Ṣé irọ́ lo pa?"

Gbogbo àwọn tó ń di ẹja ti wá gbójú sókè wàyí. Ṣéhù náà ń wò ó, ó rọra ń mi orí pé kó má lọ. Bísíríyù mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjì péré ni òun nílò: irọ́ ni. Ó ṣí ẹnu láti sọ ọ́. Àmọ́ ẹnu tí kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí kò mọ bí wọ́n ṣe ń pè é.

"Irọ́ kẹ̀?" ó wí. "Ẹ wọlé."

Wọ́n gba ojú ọ̀nà àkọ́kọ́ kọjá pẹ̀lú oríire. Ibi tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi igi ṣọ́nà wà ni; Bísíríyù lo ọgbọ́n jíà kẹrin rẹ̀, ọkọ̀ fò, ó dákẹ́, wọ́n wo bọ́ọ̀tù, wọ́n ní kó máa lọ. Kí ọkọ̀ tó tún gbéra, ó ti làágùn tán. Ẹ́ńjìnnì ń gbóná sí i. Ó ń gbọ́ ọ bó ṣe ń kan inú, kan, kan, kan, bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé tó ń fi òkúta lu ilẹ̀kùn. Lójú ọ̀nà, àwọn èèyàn ń bọ̀ lódìkejì, ẹlẹ́rù, ọlọ́mọ, gbogbo wọn kọjú sí ìlú. Òun nìkan ló kọjú síbi tí wọ́n ti ń sá.

Lẹ́yìn ọkọ̀, Ìbídùnní ń pe orúkọ àbúrò rẹ̀ lábẹ́ ẹnu. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó fa imú. Ó tún fà á. Bísíríyù rí i nínú dígí, ojú rẹ̀ wà lẹ́yìn ọrùn òun gan-an.

"Kí ló ń rùn nínú ọkọ̀ rẹ báyìí?"

"Ọkọ̀ àgbà ni, Ìyá Tómi. Àgbà máa ń rùn."

Ó dà bí ẹni pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ sí ojú ọ̀nà àwọn sójà tó wà lẹ́nu àbáwọ Fori.

Wọ́n ti to àgbá di ọ̀nà pátápátá. Lódìkejì, wọ́n ti mú àwọn tó ń fẹsẹ̀ bọ̀ láti Fori dọ̀bálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì. Àwọn sójà kò dúró bí wọ́n ṣe máa ń dúró. Ẹ̀yìn àpò iyanrìn ni wọ́n kúnlẹ̀ sí, irin ìbọn nìkan ló ń yọ. Ohùn kan ké láti ibẹ̀ pé kí ọkọ̀ dúró níbi tó wà. Ó jìnnà sí wọn débi pé Bísíríyù kò lè rí ojú ẹnikẹ́ni.

"Kashe mota. Pa ọkọ̀. Kọ́kọ́rọ́ síta, ọwọ́ méjèèjì síta. Má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Obìnrin, sọ̀kalẹ̀, dọ̀bálẹ̀." Èdè Haúsá ni wọ́n fi sọ ọ́, wọ́n sì tún un sọ ní Píjìn kó lè yé ẹni gbogbo.

Má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Ọgbọ́n jíà kẹrin kú síbẹ̀. Bísíríyù yọ kọ́kọ́rọ́, ó na ọwọ́ méjèèjì síta lójú fèrèsé. Oòrùn tàn sára kọ́kọ́rọ́ náà, ó ń dán lókè gbangba níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i.

Dùgù-dùgù-gbà. Dùgù-dùgù-gbà.

Ìbídùnní ti wà nílẹ̀, ojú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọ̀dà. Ó gbé orí díẹ̀. "Bísíríyù, pa á."

"Mo ti pa á."

"Ọlọ́run mi, Bísíríyù, pa á."

Láti ẹ̀yìn àpò iyanrìn ni ìró kan ti wá, kẹ̀kẹ̀, lẹ́yìn náà òmíràn, òmíràn. Bísíríyù kò jagun rí, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ ìkókó ní Maiduguri tí kò mọ ìró tí ìbọn ń dún nígbà tí ọta bá gun ibi tó yẹ kó gùn. Ó na kọ́kọ́rọ́ sókè sí i. Ẹ́ńjìnnì tó ti ń fi yangàn láti ọjọ́ yìí wá ló wà níwájú rẹ̀, ó ń sọ fún àwọn sójà, pẹ̀lú ohùn ara rẹ̀, pé olúwa òun kò fẹ́ dúró.

"Ìyá mi o," ó ké, kò mọ̀ pé òun ń ké. "Kábúrétọ̀ ti pa mí."

"Ta ló ń sọ Yorùbá níbẹ̀ yẹn?"

Akoto kan gòkè díẹ̀ lẹ́yìn iyanrìn. Dúrósinmí ni sójà náà ń jẹ́, ọmọ Ìkàrẹ́, ó sì kéré sí Bísíríyù lọ́jọ́ orí. Ó di ìbọn rẹ̀ mú tààrà sí iwájú ọkọ̀, ó sì sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé kó máa bá àgbà sọ̀rọ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ ò pa ọkọ̀ yín?"

"Mo ti pa á, ọ̀gá mi. Kọ́kọ́rọ́ nìyí."

"Ó ń ṣiṣẹ́, Bọ̀ọ̀dá."

"Ó ti kú. Kò kàn tíì gbà ni."

Ẹnì kan ń bá Dúrósinmí sọ̀rọ̀ kíákíá lẹ́yìn rẹ̀. Bísíríyù gbọ́ "táyà", ó gbọ́ "orí". Nígbà tí Dúrósinmí tún máa sọ̀rọ̀, ohùn òun náà ti ń gbọ̀n, èyí ló sì ba Bísíríyù lẹ́rù ju gbogbo rẹ̀ lọ.

"Bọ̀ọ̀dá, àwọn tó wà lẹ́yìn mi fẹ́ yìnbọn. Òwúrọ̀ yìí la pàdánù èèyàn wa. Mo bẹ̀ yín ní orúkọ ìyá tó bí yín, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká yìnbọn fún yín. Irú ọkọ̀ wo ló ń ṣiṣẹ́ láìsí kọ́kọ́rọ́? Kí lẹ so mọ́ ọn?"

Bísíríyù wá irọ́. Ó wá a nínú orí, ó wá a nínú ikùn, níbi tí irọ́ ti máa ń tò bí ẹja inú páálí, kò rí ẹyọ kan. Òótọ́ nìkan ló bá níbẹ̀, ó sì gbà á bí ẹni tó ń gba ẹ̀wù àyálò.

"Ooru ló mú un, ọ̀gá. Mo ti ba kábúrétọ̀ ẹ̀ jẹ́. Tí a bá fi aṣọ dí ẹnu ẹ̀ kó má rí afẹ́fẹ́ fà mọ́, á kú lójú ẹsẹ̀. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ló wà."

Wọ́n jíròrò. Ó pẹ́ bí ọdún iléyá méje. Lẹ́yìn náà Dúrósinmí ní kó rọra jáde, kó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sọnù, kó yí po kí wọ́n rí ẹ̀yìn rẹ̀, kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Tí ó bá sì mú ohunkóhun jáde níbẹ̀ yàtọ̀ sí ọwọ́ tó kì bọ̀ ọ́, kó máa bá àwọn ará ọ̀run ṣàlàyé.

Bísíríyù bọ́ ẹ̀wù. Ó yí po. Nígbà tó gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, gbogbo akoto tó wà lẹ́yìn iyanrìn rì wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, òun nìkan ló kù lórí ìdúró ní gbogbo ìhà gúúsù Maiduguri. Ooru gbá a lójú. Ó tú àwo ìdérí tó wà lórí kábúrétọ̀, ọwọ́ jó o, kò mọ̀ ọ́n lára. Ẹnu kábúrétọ̀ là sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń fa afẹ́fẹ́, ó ń súfèé. Ó ṣí fìlà, ó ká a sí méjì, ó fi bò ó.

Ẹ́ńjìnnì fa fìlà náà mọ́ra bí ọmọ tí wọ́n kò fún lọ́mú láti àná. Ó gbọ̀n. Ó húkọ́. Ó dákẹ́.

Bísíríyù fẹ́ sọ pé Ọlọ́run ṣeun. Kó tó pe "Ọ", epo tó kù nínú sàlẹ́ńsà tó ń tu èéfín lẹ́yìn ọkọ̀ gbiná.

Gbàù.

Ọmọdé á sùn lórí ìró yẹn ní ìlú mìíràn, ṣùgbọ́n ní Fori lọ́jọ́ yẹn, òkè ọ̀run ló já lulẹ̀. Ẹni tó ti dọ̀bálẹ̀ tún dọ̀bálẹ̀ sí i. Ẹnì kan yìnbọn sókè. Bísíríyù ti wà lábẹ́ ọkọ̀, kò mọ bó ṣe débẹ̀, ó ń fọwọ́ wá ara rẹ̀ láti ọrùn lọ sísàlẹ̀, ó ń wá ibi tí ọta gbà wọlé. Ọwọ́ rẹ̀ kan ihò kan níkùn, jíjìn, róbótó. Ó bú sẹ́kún. Ó ti ń fi ọmọ rẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ nínú àdúrà kó tó yé e pé ìdodo òun ni.

Kò sí ẹlòmíràn tó yìnbọn. Èéfín kékeré kan rọra ń lọ láti ẹ̀yìn ọkọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi?"

Láàrin àwọn tó dọ̀bálẹ̀ lódìkejì ni ohùn náà ti wá. Ọmọbìnrin kan gbé orí sókè, eruku ti kun ojú rẹ̀ bí àtíkè. Ìbídùnní dìde kí ẹnikẹ́ni tó ní kó dìde. Dúrósinmí ṣe àmì sí àwọn tó kù pé kí wọ́n sọ ìbọn kalẹ̀. Àwọn méjèèjì pàdé láàrin àgbá, Ìbídùnní ń fọwọ́ wá ara Mọ́tọ́lá bí Bísíríyù ṣe ń wá tirẹ̀, apá, orí, ẹsẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pé. Ọ̀nà ọjà ni ìjàǹbá náà ti ṣẹlẹ̀, Mọ́tọ́lá wí, kò dé ilé òun. Òun ń fẹsẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ wọn ní Wulari ni wọ́n fi mú àwọn dọ̀bálẹ̀.

Bísíríyù jáde lábẹ́ ọkọ̀, kọ́kọ́rọ́ ṣì kọ́ sí ìka rẹ̀. Bí ó ti rí i pé òun wà láàyè, tí Ìbídùnní sì ń sunkún ayọ̀, ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sàn.

"Ẹ ò rí nǹkan?" ó wí fún Dúrósinmí. "Gbogbo ọkọ̀ ló ń kú lẹ́ẹ̀kan. Tèmi nìkan ló ń kú pẹ̀lú ẹ̀yẹ."

Dúrósinmí ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ó fi orí ìbọn gbé fìlà náà sókè. Epo ti rin ín gbingbin.

"Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ̀ ń dà sínú ọkọ̀ yìí?"

"Bẹntiróò ni, ọ̀gá mi. Agolo mílíìkì kan."

Dúrósinmí gbóòórùn rẹ̀. "Kẹrosíìnì ni bàbá mi ń tà ní Ìkàrẹ́ títí ó fi kú. Kẹrosíìnì rè é. Ìdí nìyí tí kò fi fẹ́ kú. Nǹkan mìíràn tún wà nínú ẹ̀." Ó tún fa imú. "Ó dà bíi..."

"Ẹ bá mi gbé e wá," Ìbídùnní wí.

Ó ti dúró lẹ́yìn wọn, ọwọ́ Mọ́tọ́lá wà nínú tirẹ̀. Ó gba fìlà náà. Ó gbé e sí imú, ó dijú, ó fà á pẹ́ títí.

"Bí àpótí aṣọ," Ìbídùnní wí pẹ̀lẹ́. "Káńfọ̀ ni. Èyí funfun róbótó tá a máa ń jù sáàárín aṣọ kí kòkòrò má jẹ ẹ́. Èmi ni mo jù ú sínú kẹ́ẹ̀gì mi. Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Mo ní ẹni tó bá fi jí mi dáná, òórùn ẹ̀ á jáde nínú sítóòfù ẹ̀. Mo gbóòórùn sítóòfù gbogbo Wulari, Bísíríyù. Mo fẹ̀sùn kan ìyàwó Àlùfáà àdúgbò wa. Mi ò mọ̀ pé ọkọ̀ máa ń dáná."

"Ìyá Tómi, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nígbà tí mo dé Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ yẹn..."

Ìbídùnní fi fìlà lé Mọ́tọ́lá lọ́wọ́. Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún.

Bísíríyù sì fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó ti sá ìgbésẹ̀ mélòó kan kó tó rántí ibi tó wà, pé kò sí ẹni tó ń sáré níwájú sójà tó ń dé ibi tó ń lọ. Ó gbọ́ Dúrósinmí lẹ́yìn tó ń ké mọ́ àwọn tó kù pé kí wọ́n má yìn ín, ó gbọ́ bàtà tó fò kọjá létí rẹ̀. Kò lè dúró nítorí Ìbídùnní, kò sì gbọdọ̀ sáré nítorí ìbọn. Ni ó bá na ọwọ́ méjèèjì sókè bó ti ń sáré, ó ń lọ sí apá Wulari láìwọ ẹ̀wù, láìdé fìlà, ó ń yí po lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè rí ẹ̀yìn rẹ̀ pé kò so nǹkankan mọ́ ara, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sì ń dán lọ́wọ́ rẹ̀ lókè lọ́hùn-ún.